Kí Ló Ń Fa Ọkọ̀ Ojú Irin?

Ẹni tó bá dé ọjà Kantamanto ní àárín gbùngbùn Accra, òkìrìkà ni yóò kọ́kọ́ rí. Ṣòkòtò jíǹsì wà níbẹ̀, kóòtù òtútù tí kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ nínú ooru Accra wà níbẹ̀, bàtà ọmọdé tó ti la òkun kọjá náà wà níbẹ̀. Obroni wawu ni àwọn ará Gánà ń pe aṣọ náà, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú, torí ó yà wọ́n lẹ́nu pé alààyè kan lè kó aṣọ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ dànù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2025, iná jó apá tó pọ̀ gan-an nínú ọjà yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í kíyè sí ni pé ilẹ̀ rélùwéè ni ọjà náà wà, àti pé ìdíkọ̀ ojú irin Accra ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n bí sí Accra. Ó rí irin méjì tí koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò. Mo sọ fún un pé ojú ọ̀nà ọkọ̀ ni. Ó wo irin náà títí, ó wá ní: “Màmá Ìbàdàn, ta ló máa ń ti ọkọ̀ náà?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sẹ́ni tó ń tì í, ẹ́ńjìnì ló ń fà á.

“Ṣé irú ẹ́ńjìnì tó wà nínú tasín ni?”

Mo ní rárá o.

“Irú èwo wá ni?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pèsì jẹ. Láti kékeré ni mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Mo ti jẹun nínú rẹ̀, mo ti sùn nínú rẹ̀, mo ti bá èèyàn jà nítorí àyè ìjókòó nínú rẹ̀, síbẹ̀ mi ò mọ ohun tó ń fà á. Mo bá jókòó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i pé ẹni tó bá fẹ́ mọ oríṣiríṣi ẹ́ńjìnì tó wà, kò ní láti lọ jìnnà sí Accra.

Irin lórí irin

Ẹ jẹ́ ká ti orí irin fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà ni táyà mọ́tò. Ó máa ń tẹ̀, ó máa ń di ilẹ̀ mú, ìdí nìyẹn tó fi ń gba agbára púpọ̀ kó tó máa yí. Táyà ọkọ̀ ojú irin ní tiẹ̀ jẹ́ irin, orí irin náà ló sì ń yí sí. Ibi tí táyà kan ti fara kan irin tó wà nísàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kọ́bọ̀ kan lọ. Torí náà, tí ọkọ̀ náà bá ti gbéra, ó rọrùn láti fà. Ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo lè fa ẹrù tó máa kún ọgbọ̀n tírélà.

Ṣùgbọ́n irin máa ń yọ̀. Tí òjò bá rọ̀, tí ewé bá bọ́ sójú irin, tàbí tí òkè bá wà níwájú, táyà lè máa yí lójú kan láìlọ síbì kankan. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin, àtèyí àtijọ́ àtèyí òde òní, fi máa ń gbé yanrìn dání. Tí dírẹ́bà bá rí i pé táyà ń yọ̀, á tu yanrìn díẹ̀ síwájú rẹ̀, táyà á sì rí nǹkan dì mú. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ fún ọmọ yìí nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ yanrìn ló gbádùn jù. Ó ní ṣé wọ́n máa ń lọ sí etíkun lọ bù ú ni.

Ìgbà tí iná ń jó lábẹ́ omi

Ní oṣù Kejì ọdún 1804, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Trevithick gbé ẹ́ńjìnì kan sórí irin ní ilẹ̀ Wales. Ẹ́ńjìnì náà fa tọ́ọ̀nù irin mẹ́wàá pẹ̀lú nǹkan bí àádọ́rin èèyàn tó gun orí wágọ̀nù. Irin tó ń rìn lórí rẹ̀ ló ń fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, torí ó wúwo ju ohun tí irin ìgbà yẹn lè gbà lọ. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà kí àwọn èrò tó máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti Liverpool lọ sí Manchester.

Irú ẹ́ńjìnì yìí, ẹ́ńjìnì eléèédú, ló wá sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1898 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Sekondi ní Gold Coast, orúkọ tí Gánà ń jẹ́ nígbà náà. Góòlù ni wọ́n ń lépa. Irin náà dé Tarkwa ní 1901, ó dé Obuasi ní 1902, ó sì wọ Kumasi ní 1903. Àsìkò kan náà ni wọ́n ń la ti Èkó: wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896, irin náà sì dé Ìbàdàn ní 1901. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà láti Èkó wà lára àwọn tó gbé irin Sekondi léjìká, torí náà ọwọ́ Yorùbá ti wà nínú iṣẹ́ rélùwéè Gánà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kòkó ló bí ojú irin Accra. Tetteh Quarshie, alágbẹ̀dẹ ọmọ Ga láti Osu, ló mú kóró kòkó bọ̀ láti erékùṣù Fernando Po ní 1879. Nígbà tó fi máa di 1911, kò sí ilẹ̀ kankan láyé tó ń ta kòkó tó Gold Coast. Ẹ wá wo bí kòkó náà ṣe ń dé etíkun: wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá onígi, àwọn ọkùnrin á máa yí àgbá náà lójú ọ̀nà láti orí òkè Akuapem títí dé Accra. Àgbá tó bá já lọ́wọ́ wọn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í dúró fún ẹnikẹ́ni. Ojú irin tí wọ́n là láti Accra dé Mangoase, láàárín àwọn oko kòkó, ní 1912. Ó dé Koforidua ní 1915, ó dé Tafo ní 1918, ó sì pàdé èyí tó ti Sekondi wá ní Kumasi ní 1923.

Báwo ni ẹ́ńjìnì eléèédú ṣe ń ṣiṣẹ́? Ààrò kan wà nínú rẹ̀. Ooru iná ààrò náà á gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù kọjá láàárín àgbá ńlá tó kún fún omi, omi á sì hó. Gbogbo ẹni tó bá ti se ìrẹsì rí mọ̀ pé ooru omi máa ń gbé ọmọrí ìkòkò sókè. Nínú ẹ́ńjìnì, wọ́n á há ooru yìí mọ́ títí agbára rẹ̀ á fi pọ̀, wọ́n á wá ṣí i sínú sìlíńdà. Á ti písítìnì lọ, á tì í bọ̀. Ọ̀pá irin tó so mọ́ písítìnì ló ń yí táyà. Ìró tí àwọn ọmọdé máa ń fi ẹnu ṣe tí wọ́n bá ń fi ọkọ̀ ojú irin ṣeré, ìró ooru tó ti ṣiṣẹ́ tán ni, tó ń gba ẹnu ihò èéfín jáde.

Èèyàn méjì ló máa ń wà níbẹ̀, dírẹ́bà àti ẹni tó ń koná. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ dírẹ́bà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí, iṣẹ́ ẹni tó ń koná ló le jù. Ṣọ́bìrì lọ́wọ́, iná níwájú, oòrùn ilẹ̀ wa lókè. Bó ṣe ń da èédú sí iná, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára gíláàsì tó ń fi bí omi ṣe pọ̀ tó hàn. Tí omi bá lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò bo òkè ààrò mọ́, irin ibẹ̀ á gbóná títí á fi rọ̀, àgbá náà sì lè bú gbàmù. Ẹni tó bá sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí lè máà jí mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnì náà kì í tètè jí. Ó ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí omi tútù tó di agbára, torí náà ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ dáná sí i lóru kó tó lè gbéra láàárọ̀.

Ó tún ń fi nǹkan ṣòfò. Nínú èédú ọgọ́rùn-ún náírà, èyí tó ń fa ọkọ̀ lóòótọ́ kò tó náírà mẹ́wàá. Ìyókù bá èéfín lọ.

Ibo ni èédú yẹn ti ń wá? Kò sí èédú inú ilẹ̀ tí wọ́n ń wà ní Gold Coast. Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Láti 1915 ni wọ́n ti ń wa èédú ní Enugu. Ọkọ̀ ojú irin á gbé e dé Port Harcourt, ọkọ̀ òkun á sì gbé e lọ sí Gold Coast. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún ní ihò èédú Iva Valley ní Enugu, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń jó nínú ẹ́ńjìnì ní Gold Coast ni wọ́n pa yẹn.

Lára àwọn ẹ́ńjìnì eléèédú, mo ní ọ̀kan tí mo fẹ́ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwòrán nìkan ni mo ti rí i. Garratt ni wọ́n ń pè é, ilé-iṣẹ́ Beyer, Peacock ní Manchester ló ń ṣe é. Ojú irin tí wọ́n là nígbà ayé òyìnbó ní ilẹ̀ wa kéré ní fífẹ̀, mílímítà 1,067 péré ni àlàfo àárín irin méjèèjì, ó sì kún fún kọ́nà. Ẹ́ńjìnì ńlá ò lè yí kọ́nà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pín ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n wá gbé àgbá omi gbígbóná kọ́ sáàárín bí afárá. Tó bá dé kọ́nà, á ká ara bí ekòló. Àwọn kan lára wọn wá sí Gold Coast nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn òyìnbó ń wá bauxite lójú méjèèjì, òkúta tí wọ́n ń yọ alumíníọ́mù ọkọ̀ òfuurufú lára rẹ̀. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí wọ́n la ojú irin dé Awaso nígbà yẹn.

Àwọn tó wọ̀ ọ́, àwọn tó wà á

Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ọ̀yán àti Ṣakí ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ti lọ ṣòwò ní Gold Coast. Ojú irin náà rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Obìnrin tó bá ra ọjà ní Accra lè tà á ní ìdíkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó dé Kumasi. Láti Kumasi ni àwọn mìíràn ti gba ojú títì lọ sókè, débi tó jẹ́ pé kò sí ọjà ńlá kan ní àríwá Gánà tẹ́ ò ní bá Yorùbá. Alata ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wá. Ìdí nìyẹn tí apá kan James Town ní Accra fi ń jẹ́ Alata títí dòní, òun náà ló sì wà nínú orúkọ tí wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú wa, alata samina. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìpara ní London, ẹ óò bá orúkọ yẹn lára páálí.

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn kì í ṣe kékeré. Tí ẹ́ńjìnì bá dúró, kòkó dúró, góòlù dúró, owó orí dúró. Ọ̀kan lára àwọn dírẹ́bà wọ̀nyẹn ni Pobee Biney, tó di olórí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Sekondi. Ní oṣù Kìíní 1950, nígbà tí Kwame Nkrumah ní kí gbogbo èèyàn da iṣẹ́ sílẹ̀ kí ìjọba òyìnbó lè gbọ́, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà ní iwájú.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án 1961, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Sekondi àti Takoradi kan náà ló da iṣẹ́ sílẹ̀ fún Nkrumah fúnra rẹ̀. Ìjọba ti fẹ́ máa yọ lára owó oṣù wọn ní tipátipá, pé kí wọ́n fi pamọ́. Ìjọba kó àwọn aṣáájú wọn sátìmọ́lé. Mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn tó sọ pé ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan ni ìdásẹ́sílẹ̀ yẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń da èédú sí iná láti òru, ó mọ iye tí ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ jẹ́ ju ẹni tó ń ka ètò ìnáwó nínú yàrá tútù lọ.

Jẹnẹrétọ̀ tó ní ẹsẹ̀

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹ́ńjìnì onídíísù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ní Gánà àti ní Nàìjíríà. Ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, ló ṣe irú ẹ́ńjìnì yẹn tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897. Kò nílò ààrò. Ṣe ló máa ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra títí afẹ́fẹ́ náà á fi gbóná débi pé tí epo bá kàn án, epo á gbiná fúnra rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti ṣìnà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rò pé díísù ló ń yí táyà ọkọ̀ ojú irin gẹ́gẹ́ bó ṣe ń yí ti tírélà. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹnẹrétọ̀ nílé ti mọ ju ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ. Nínú ẹ́ńjìnì onídíísù, díísù ń yí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń mú iná jáde, iná náà ń lọ bá àwọn mọ́tò tó wà nídìí táyà, irú èyí tó ń yí fáànù, àfi pé tiwọn tóbi gan-an. Ilé-iṣẹ́ iná kékeré kan ni wọ́n gbé sórí táyà.

Kí ló dé tí wọ́n ń gba ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Ọkọ̀ tó wúwo tó ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù kan kò rọrùn láti gbé kúrò lójú kan. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ ẹ́ńjìnì díísù ní tààrà, ẹ́ńjìnì á kú, tàbí kí gíà jó. Mọ́tò iná ní tiẹ̀, ìgbà tó bá ń gbéra gan-an ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ jù. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn ará Jámánì fẹ́ràn nígbà kan: díísù á máa ti ọ́ìlì, ọ́ìlì ló máa wá yí táyà. Ó fúyẹ́ ju ti oníná lọ, ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ṣe ò pọ̀.

Onídíísù ń jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò ń dúró mu omi lójú ọ̀nà. Ẹ lè so méjì pọ̀ kí dírẹ́bà kan ṣoṣo máa darí wọn. Kò sì nílò ẹni tó ń koná. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọkùnrin kan ló pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Ó dé Enugu náà: nígbà tí rélùwéè Nàìjíríà àti ti Gánà ò ra èédú mọ́, ó ku ta ló máa rà á?

Àwọn Yorùbá tó ń wọ ọkọ̀ náà ò gbádùn onídíísù pẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó kàn jù ni àwọn ọmọ Nàìjíríà, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Èèyàn tó ti gbé Kumasi fún ọgbọ̀n ọdún, tó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ ní owó tí kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣì ń ka ọjọ́ orí àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n dé láti Gánà.

Ẹ́ńjìnì tó wà lábẹ́ ìjókòó

Rélùwéè Gánà rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, gẹ́gẹ́ bí tiwa náà ṣe rẹ̀. Lọ́rì gba ẹrù, bọ́ọ̀sì gba èrò, irin gbó, ẹ́ńjìnì tó bàjẹ́ kò rí ohun tí wọ́n máa fi tún un ṣe. Ní Kumasi, àwọn oníṣòwò tẹ́ ọjà sórí irin gan-an. Ọkọ̀ tó ń kó òṣìṣẹ́ láti Nsawam àti Tema wá sí Accra ti ṣiṣẹ́, ó ti dúró, ó tún ti ṣiṣẹ́, kò ṣeé kà.

Ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀ ni ojú irin láti Tema lọ sí Mpakadan, lẹ́bàá adágún Volta, tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 97. Ilé-iṣẹ́ Afcons láti Íńdíà ló là á, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kọkànlá 2024. Àlàfo irin rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,435, irú èyí tó wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn láti 2021. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ kankan ò lè gun orí rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n rà fún un láti ilé-iṣẹ́ PESA ní Póláǹdì kò ní ẹ́ńjìnì kankan níwájú. Abẹ́ kóòṣì, lábẹ́ ibi tí èrò jókòó sí, ni ẹ́ńjìnì díísù wà. Dírẹ́bà lè wà á láti orí méjèèjì. Tó bá dé òpin ọ̀nà, á kàn gbé àpò rẹ̀ rìn lọ sí ìdí kejì, wọn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wọ́n máa ti yí ẹ́ńjìnì po. Ó dára fún èrò. Kò lè fa ẹrù kòkó.

Ní oṣù Kẹrin 2024, nígbà tí wọ́n ṣì ń dán ọ̀kan lára wọn wò, ó kọlu ọkọ̀ akẹ́rù kan tó wà lójú irin. Ọkọ̀ tí kò tíì gbé èrò kan rí ni iwájú rẹ̀ fọ́ yẹn. Ilé ẹjọ́ rán dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù náà lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Mo rò pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ló fà á. Irin tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ náà rọrùn láti fà, òun náà ló ń jẹ́ kó ṣòro láti dá dúró. Ọkọ̀ ojú irin tó gbé ẹrù, tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì pátápátá, ó lè gbà tó kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró. Ìgbà tí dírẹ́bà bá fi máa rí yín lójú irin, ọwọ́ rẹ̀ ò lè tún nǹkan kan ṣe mọ́. Kò sì lè yà. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń gba ojú irin lọ sílé ìwé, pàápàá ní Agége àti Agbádó, níbi tí ọkọ̀ ti tún ń sáré báyìí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí irin náà fi jẹ́ ibi ìpàtẹ.

Ẹni tí wọ́n ń fún ní iná láti ìta

Ó ku irú kan. Ní 1879, Werner von Siemens fi ọkọ̀ ojú irin kékeré kan han àwọn èèyàn ní Berlin. Kò gbé iná dání, ṣe ni wọ́n ń fún un ní iná láti ìta bó ṣe ń lọ. Bí ẹ́ńjìnì oníná ṣe ń ṣiṣẹ́ títí dòní nìyẹn. Ẹ fojú inú wo ẹ́ńjìnì onídíísù tí wọ́n yọ díísù àti jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú rẹ̀, tó ku mọ́tò nìkan. Ó fúyẹ́, kò pariwo, kò ní èéfín.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni Blue Line ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Irin kẹta kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló ń fún un níná, ìdí sì nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sójú irin náà láti mú fóònù tó já bọ́. Red Line tó ń lọ láti Agbádó dé Oyingbo, díísù ló ń lò ní tiẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá wọ méjèèjì lọ́jọ́ kan ní Èkó ti wọ irú méjì. Ní Jámánì, láti 2018, ọkọ̀ ojú irin kan tún wà tó ń lo háídírójìn, ṣùgbọ́n a ò tíì dé ibẹ̀.

Mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún ọmọ àbúrò mi lórí fóònù, lọ́jọ́ Sátidé kan, ó sì ya ọkọọ̀kan wọn sínú ìwé bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ya yanrìn sí gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé orí ti Mpakadan, ó dá mi dúró. Ìwé ilẹ̀ Gánà wà lára ògiri nílé wọn, ó sì ti rí i pé ìdí Akosombo ni ọ̀nà náà parí sí.

“Màmá Ìbàdàn, ṣebí Akosombo ni iná wa ti ń wá?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti 1966 ni Nkrumah ti ṣí ìdídò yẹn, omi Volta ló ń yí ẹ̀rọ rẹ̀.

“Ọkọ̀ náà wá ń ra díísù lọ sí ibi tí iná wà?”

Mo ṣàlàyé fún un pé wáyà tí wọ́n máa ta láti Tema dé ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn ilé tí wọ́n ti ń pín iná, owó ńlá ni, àti pé àfi tí ọkọ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀ lemọ́lemọ́ ni owó náà tó lè padà wá. Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ tó ń fi pẹ́ńsùlù ya nǹkan.

Ó ní òun ti ta wáyà sí tòun.